Ẹsẹ̀ Land Rover Bàbá Wa

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lálẹ́

Ọ̀rọ̀ rímù àti táyà Land Rover bàbá wa ni mo fi gbogbo òní ṣe, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ìwọ̀n tí mo mú bọ̀ láti ọjà tó fò mí lórí. Series III ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1971 sí 1985, tí wọ́n ń pè ní 109 nítorí pé ínǹṣì 109 ló wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Níbi gbàǹjo ọkọ̀ ìjọba ni bàbá wa ti rà á, nígbà tí irú rẹ̀ ṣì pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti lọ́nà oko kòkó, tí ilé-iṣẹ́ Leyland sì ń tò ó pọ̀ níbí ní Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń jí dáadáa báyìí. Ẹsẹ̀ ni kò ní: ìpẹtà ti jẹ ètè rímù méjì níbi tí táyà ti ń jókòó, ihò nọ́ọ̀tì ẹ̀kẹta sì ti fẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n nítorí pé ẹnì kan ti fi nọ́ọ̀tì tó dẹ̀ wà á rí.

Ọjà Àràrọ̀mí ní Gate ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé rímù kan wá, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò márùn-ún nìyí, ínǹṣì 16 sì ni. Kí ló tún kù?" Ohun tó kù pọ̀. Bí a bá fa òbìrìkìtì kan tó gba àárín ihò márààrún kọjá, ìbú òbìrìkìtì náà ní Land Rover wa jẹ́ mìlímítà 165.1, ìyẹn ínǹṣì mẹ́fà ààbọ̀. Discovery àkọ́kọ́, Range Rover àtijọ́ àti Defender tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2016 ń lo ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n Discovery kejì tó jáde ní 1998 jẹ́ 120, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Land Cruiser 100 náà ní ihò márùn-ún, tirẹ̀ sì jẹ́ 150.

Rímù oníhò márùn-ún kò rọrùn láti wọ̀n, nítorí pé kò sí ihò tó dojú kọ èkejì rẹ̀ tààrà bíi ti oníhò mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ẹnu téèpù sí etí ọ̀tún ihò kan, mo nà án dé etí ọ̀tún ihò tó tẹ̀ lé e, nítorí pé bákan náà ni èyí rí pẹ̀lú wíwọ̀n láti àárín dé àárín. Bó bá jẹ́ mìlímítà 97, ó bá Land Rover wa mu. Èyí tó wà níwájú wa jẹ́ 88. Ọmọ ọjà náà gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó tún un wọ̀n fúnra rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ní kí wẹ́dà bá wa fẹ ihò rẹ̀." Mo ní rárá o, ẹni tó bá fẹ ihò rímù kó lè wọlé ti fẹ̀ ẹ́ kó lè jáde náà nìyẹn.

Wọ́n tún fi rímù dídán (alloy) ti Discovery àkọ́kọ́ hàn mí, èyí tí ihò rẹ̀ bá tiwa mu ní tòótọ́. Àárín rẹ̀ ni kò dọ́gba pẹ̀lú ti Series: inú ni ó máa ń wọ̀ sí jù, débi pé bí a bá yí ìtọ́kọ̀ dé òpin, inú táyà lè máa ha sípíríǹgì. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú yàtọ̀, nítorí pé nọ́ọ̀tì rímù irin ní imú ṣóńṣó tó ń jókòó sínú ihò, ti rímù dídán kò sì rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, rímù dídán lára ọkọ̀ yẹn dà bíi kí baálé ilé wọ agbádá kó wá fi bàtà bọ́ọ̀lù sí i.

Lọ́dọ̀ bàbá àgbà kan lẹ́yìn ọjà ni mo ti rí rímù irin ti Defender 110. Ó ní họ́ọ̀bù àtijọ́ kan, ìyẹn irin tí rímù ń jókòó lé lára ọkọ̀, tó ti kàn mọ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, a gbé rímù sí i, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ń yí i, èmi sì di ṣọ́ọ̀kì mú gírígírí ní ẹ̀bá ètè rẹ̀. Lára méjì, ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí gbogbo ètè náà ká, a mọ̀ pé ó gún. Lára ẹ̀kẹta, ibi tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló kàn, ìyókù mọ́. "Èyí ti jìn sí kòtò rí," ni bàbá náà wí, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ti táyà rọrùn jù bí mo ṣe rò lọ. 7.50-16 ni ọkọ̀ 109 ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ṣì wà lọ́jà nítorí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké tó ń lò ó. Ẹni tí kò bá rí i lè ra 235/85R16, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 806, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn kan ń gbà mí níyànjú pé kí n ra 265/70R16 nítorí pé ó fẹ̀, ṣùgbọ́n 777 péré ni gíga rẹ̀, rímù wa tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì márùn-ún ààbọ̀ sì tóóró jù fún un. Ìkìlọ̀ kan wà nínú 7.50 ti akẹ́rù: púpọ̀ nínú wọn ní ilà gbọọrọ tó wà fún ọ̀nà ọ̀dà, ẹrẹ̀ oko yóò dí i pa láìpẹ́. Wọ́n tún máa ń ta túùbù àti rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Túùbù ni a nílò, nítorí pé àwọn rímù tiwa tó kù ní ìṣó lára, afẹ́fẹ́ sì lè máa yọ́ jáde níbẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ yẹn kò sí fún irú rímù wa. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ ga bákan náà, nítorí pé bí a bá ti sọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí iṣẹ́, kò sí ohun tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn tí yóò jẹ́ kí ọ̀kan sáré ju èkejì lọ, jíà ni yóò jìyà rẹ̀.

Láti ìgbà tí Dunlop ti ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní Ìkẹjà, tí Michelin náà sì ti kógbá wọlé ní Port Harcourt, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá, tòkúnbọ̀ sì wà láàárín wọn. Wọ́n fi ọ̀kan hàn mí lónìí tí ilà rẹ̀ ṣì jìn, tí wọ́n fi epo dúdú pa á títí ó fi ń dán. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT rẹ̀, ìyẹn àmì ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, jẹ́ 3211, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 32 ní ọdún 2011. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú sísán wẹ́wẹ́ bíi irun sì là lábẹ́ epo náà. Tuntun márùn-ún ni mo san owó àsansílẹ̀ lé lórí, mẹ́rin fún ilẹ̀, ọ̀kan fún orí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ọ̀tì ló kù. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé bọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mẹ́ta jẹ́ mìlímítà 16, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ òsì iwájú tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jẹ́ ínǹṣì 9/16 ti àwọn Land Rover tó ṣáájú, èyí tó fi hàn pé ẹnì kan ti gbé họ́ọ̀bù ọkọ̀ mìíràn sí i rí. Mo ti fi okùn so nọ́ọ̀tì márùn-ún ti ẹsẹ̀ yẹn lọ́tọ̀, kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ onítáyà má bàa dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti yòókù lọ́jọ́ Ajé.