A Ò Gbọ́ Ọ Ni

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, ilẹ̀ Inverness ní Scotland níbí kò tíì ṣú. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá wa sọ nínú ọkọ̀ ojú omi kò tíì kúrò létí mi.

Bàbá àgbàlagbà kan tó bá wa jáde lónìí ló béèrè pé, "Mélòó ló ti kú nínú àwọn ọmọ ẹja salmon tí ẹ fi ẹ̀rọ sí nínú?" Ọ̀gá kò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀rọ tí wọ́n ń ha. Wọ́n ní, "A kì í sọ pé ó kú. A ò gbọ́ ọ ni." Bàbá náà mi orí, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ mọ ti Ẹ̀gbọ́n mi tí a ò gbúròó wọn mọ́, ẹ sì mọ ìdí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń wọ̀ mí lára. N kò ní tún un sọ.

Iṣẹ́ òní: a fa díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ agbọ́hùn jáde nísàlẹ̀ Moray Firth, apá òkun tó wọ ilẹ̀ níbí, a ha ìdọ̀tí òkun kúrò lára wọn, a kó ohun tí wọ́n gbọ́ sínú kọ̀ǹpútà, a padà sílé. Afẹ́fẹ́ pọ̀.

A ò gbọ́ ọ ni. Lákọ̀ọ́kọ́, ó tù mí nínú, nítorí òótọ́ pọ́ńbélé ni. Kí ọmọ salmon tó kúrò nínú odò nígbà ìrúwé, a ó fi oògùn kun ún lóorun, a ó la ikùn rẹ̀ díẹ̀, a ó ti ẹ̀rọ kan tó kéré bí ẹ̀wà bọ̀ ọ́, a ó rán an. Ẹ̀rọ yẹn á máa ké nọ́ńbà tirẹ̀ kiri, igbe tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Ẹ̀rọ agbọ́hùn tó ń dúró dè é nísàlẹ̀ omi kò sì lè gbọ́ ohun tó bá jìn ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ. Bí ìjì bá ń jà, bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá, kò ní gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ẹja lè kọjá ní àlàáfíà, kó kọrí sí Òkun Norway, kí nọ́ńbà rẹ̀ má sì sí nínú ìwé wa. Ní 1956, salmon kan tí wọ́n sàmì sí ní Scotland bọ́ sọ́wọ́ apẹja ní Greenland. Gbogbo ọdún tó ṣáájú èyí, àwọn kan ti ń lọ jẹun níbẹ̀, wọ́n wà láàyè, ẹnikẹ́ni níbí kò gbúròó wọn. Ta ló wá láṣẹ láti pe ẹja tó dákẹ́ ní òkú?

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ó ti rọrùn jù láti sọ. Ní 2019, Atlantic Salmon Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo salmon, àti àwọn tó bá wọn ṣe é fi ẹ̀rọ sínú ẹja tó lé ní 800 nínú odò 7 tó ń ṣàn wọ Moray Firth yìí kan náà, odò Ness wà lára wọn, èyí tí mò ń gba etí rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Nǹkan bí ìdajì ẹja náà kò dé òkun rárá. Odò kì í ṣe òkun, ó ní bèbè méjì. Níbo ni ìdajì ẹja yóò sá pamọ́ sí? A mọ̀. Ẹnu wa ni kò fẹ́ sọ ọ́. Ní December 2023, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣe àkójọ ẹ̀dá tó wà nínú ewu, kọ salmon ilẹ̀ Britain mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun ń lé. Wọn kò kọ ọ́ pé a ò gbọ́ wọn.

Ohun kan tún burú ju àìgbọ́ lọ. Nọ́ńbà kan wà lójú kọ̀ǹpútà lónìí, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó gòkè wọ ẹnu odò, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ salmon tó ti dojú kọ òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní ó jọ pé ohun tó gbé e mì ló ń rìn kiri. Ẹ̀rọ náà ṣì ń ké nọ́ńbà ẹja láti inú ikùn ẹlòmíràn. Mo rántí ọjọ́ tí nọ́ńbà fóònù Ẹ̀gbọ́n lọ, tí wọ́n gbé e, tí ohùn tó dáhùn kì í ṣe tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti trout, ẹja tó jẹ́ ìbátan salmon, nítorí wọ́n máa ń mú inú mi dùn. Ìyá kan náà, ìtẹ́ kan náà nínú òkúta odò, síbẹ̀ ọmọ kan á lọ sókun, èkejì á jókòó sódò títí ayé. Oúnjẹ wà lára ohun tó ń fà á, àjogúnbá náà wà lára rẹ̀. Abo ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ: oúnjẹ òkun ń mú wọn tóbi, ẹyin wọn á sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jìnnà. Etíkun ni wọ́n ń rìn, ẹ̀rọ wa á gbọ́ wọn lónìí, á tún gbọ́ wọn lọ́túnla. Bí mo bá rí nọ́ńbà trout tó kún ojú ìwé báyìí, ara mi á balẹ̀.

Màámi pè lẹ́yìn oúnjẹ. "Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?" Mo ní, "Rárá, mà." Ó ṣe mí bíi kí n sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá fún wọn. Mo tún rò ó pé kí ni wọn ó fi ṣe. Àbí wọ́n ti ń fi ṣe nǹkan láti ọjọ́ yìí, tí èmi ni n kò...

Ohun tí n kò lè gbé mì rèé: bátìrì inú ọmọ salmon kì í lò ju oṣù díẹ̀ lọ. Ẹja fúnra rẹ̀ á lo ọdún kan lókun, ó lè tó méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá padà á gba orí gbogbo ẹ̀rọ wa kọjá, a ò sì ní gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú 100 tó ń lọ, kò tó 5 tó ń bọ̀! Àmì kan wà tí kò ní bátìrì, tó máa ń dáhùn nígbàkigbà tó bá kọjá lára wáyà tí wọ́n bá nà sínú odò, ì báà jẹ́ ọdún mélòó. Mo fẹ́ bá ọ̀gá sọ ọ́ lọ́la, kí wọ́n fi kún ti àwọn tọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì na wáyà sókè odò. Wọ́n á ní kò sówó. Màá tún sọ ọ́.