Ọmọláńgidi pọ̀ ju èèyàn lọ ní Nagoro

Abúlé kan wà ní Japan tó ń jẹ́ Nagoro, ọmọláńgidi ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sílùú ńlá, àwọn àgbà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ni màmá kan, Tsukimi Ayano, bá ń fi aṣọ àti ìwé ìròyìn ṣe ọmọláńgidi tó ga tó èèyàn gangan. Sùkúù tí wọ́n tì pa ní 2012, àwọn ọmọláńgidi ló jókòó sí kíláàsì, tíṣà wọn náà ọmọláńgidi ni.

Ó dùn mí gan-an o. Nínú èèyàn 10 ní Japan, bíi 3 ló ti pé 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa san owó orí tí wọ́n fi ń san pẹ́ńṣàn, ta ló máa wẹ̀ fún bàbá tí ò lè dìde mọ́? Àwọn míì ń kú sínú ilé tẹ́nì kankan ò ní mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìjọba ń fáwọn òbí lówó kí wọ́n lè bímọ, àmọ́ ẹni tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó tètè délé, ìgbà wo ló fẹ́ tọ́mọ? Wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọlé wá tọ́jú arúgbó, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n sanwó gidi fún wọn, torí gbígbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ lálẹ́, iṣẹ́ agbára ni.