Aago Mọ́mì Ti Jókòó Sọ́wọ́ Wọn

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń wo bí aago Mọ́mì ṣe ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá nawọ́ sókè, aago á sáré dé ìdajì apá. Tí wọ́n bá sọwọ́ kalẹ̀, á já wá, á sì lu egungun ọrùn ọwọ́ wọn. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Àfi bí mo ṣe rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá pé wọ́n ti we rọ́bà mọ́ ṣéènì rẹ̀ lábẹ́, kó lè fún díẹ̀. Rọ́bà yẹn dùn mí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bọ́ ọ fún mi.

Àárọ̀ òní ni mo jókòó tì í. Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì funfun sórí tábìlì, torí píìnì tó so àwọn irin ṣéènì aago pọ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ni. Tó bá bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di àwátì. Mo kọ́kọ́ ní kí Mọ́mì wọ̀ ọ́, mo wá fìka ká ibi tó ṣẹ́ kù jọ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Oríkèé mẹ́ta ló pọ̀ jù. Oríkèé ni mo ń pe àwọn ẹyọ irin tó so kọ́ra yẹn, torí bí oríkèé ìka ni wọ́n ṣe ń ṣẹ́.

Téèyàn bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápá kan ṣoṣo, ìdè rẹ̀, ìyẹn ibi tí ṣéènì ti ń pa dé, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú aago á sì máa yí kúrò lórí ọwọ́. Mo yọ méjì lápá ibi tí nọ́ńbà 6 wà, mo yọ ọ̀kan lápá kejì. Apá 6 yẹn ló dáa kó kúrú díẹ̀, kí ìdè lè bọ́ sáàárín abẹ́ ọwọ́ gẹ́lẹ́.

Inú ṣéènì náà ni wọ́n gbẹ́ ọfà bíńtín sí, lára àwọn oríkèé tó ṣe é yọ. Ibi tí ọfà kọjú sí ni píìnì ń gbà jáde. Tá a bá ń dá a padà, ibi tó gbà jáde náà ló máa gbà wọlé. Èyí àkọ́kọ́ kọ̀, kò mira. Òógùn àti ọṣẹ ọdún pípẹ́ ti dì í pa. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ibẹ̀, mo ń gbé ojú aago sókè kí omi má bàa kàn án, mo sì dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo fi òòlù kékeré kàn án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kì í ṣe ohun tá à ń fagbára ṣe. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí píìnì ṣe jáde, nǹkan kan jábọ́ sórí táwẹ́ẹ̀lì, bí ìdọ̀tí lásán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n ọ́n nù. Mo tẹjú mọ́ ọn: irin bíńtín ni, ó ní ihò láàárín bí òrùka. Òun gan-an ló ń di píìnì mú nínú irú ṣéènì yìí. Tó bá sọnù, píìnì á máa yọ́ jáde fúnra rẹ̀ títí aago á fi já bọ́ lọ́jọ́ kan. Mo fi ẹ̀mú kékeré dá a padà sínú ihò rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Píìnì mẹ́rin ni mo yọ, méjì ni mo dá padà. Mọ́mì wọ̀ ọ́, ó bá wọn mu rẹ́gí, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọwọ́ máa ń wú tí oòrùn bá mú. Mo sún píìnì onísípíríngì tó wà níbi ìdè sí ihò kan síwájú, títí orí ọmọńdinrín ìka mi fi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Wọ́n ní kí n gbé èyí tí mo yọ wá. Méjì ṣì so mọ́ra, ọ̀kan dá wà. Wọ́n tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò wọ́n pẹ́.

"Ṣé bí mo ṣe rù tó nìyí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀. Ara lè tún padà bọ̀." Mo kó o sínú ọ̀rá pẹ̀lú àwọn píìnì tó ṣẹ́ kù, mo fi í sínú àpótí aago náà.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n nawọ́ sókè láti pa iná. Aago ò kúrò lójú kan. Mo rí i tí wọ́n tún ọwọ́ náà nà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ iná ti kú.