Ẹranko Tí Wọn Ò Jẹ́ Dárúkọ
Lálẹ́ àná, nínú ilé ìdáná tí a jọ ń lò níbi tí mò ń gbé ní Warsaw, ọmọ Ukraine tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi gbé ìgò oyin kan kalẹ̀. Àwòrán béárì wà lára ìgò náà. Ó fìka lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i: miód. Oyin nìyẹn lédè Poland. Med ni lédè tiwọn.

Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Medved làwọn ará Russia ń pe béárì, medvěd ni ti Czech, medvjed ni ti Croatia. Oyin ló ṣáájú, jíjẹ ló tẹ̀ lé e: ẹni tó ń jẹ oyin. Ukraine yí i po, ó di vedmid. Poland sọ m di n, ó di niedźwiedź. Àwọn kan ní "ẹni tó mọ oyin" ni, torí pé ved jọ mímọ̀ létí, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè kò gbà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ àtijọ́ gan-an, èyí tó di arktos lẹ́nu àwọn Gíríìkì àti ursus lẹ́nu àwọn ará Róòmù, ti pòórá pátápátá lẹ́nu àwọn Slav, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ń sọ àwọn èdè tí mo dárúkọ lókè yìí. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé èèwọ̀ ló fà á: wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá dárúkọ rẹ̀, á yọ sí àwọn.

Ara mi bù máṣọ. Ṣebí àwọn baba wa náà ń pe Ṣànpọ̀nná ní Olóde? Mo sọ ọ́ fún un, ẹnu yà á. Ó ní òun á bi ìyá òun àgbà bóyá wọ́n ní irú ẹ̀ fún ìkookò.