Bí Gọ́tà Bá Ń Padà Bọ̀, Ẹ Jáde

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Mò ń dáná ìṣínu lọ́wọ́ nígbà tí òjò ti ṣú. Ẹ̀yìn ilé tí a ń gbé n'Ìbàdàn nígbà náà ni Odò Ọ̀nà ń gbà kọjá, àpò ẹ̀lùbọ́ márùn-ún tí mo fẹ́ tà sì wà nílẹ̀ yàrá.

Òjò náà le. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé omi kò tíì kan àtẹ̀gùn, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí ìyá onílé wa ṣe ké láti ẹ̀yìnkùlé: "Ìyá Ìbejì, wá wo gọ́tà yìí, ó ti ń padà bọ̀!"

Gọ́tà tó máa ń ṣàn lọ sódò ló ń ṣàn bọ̀ wá bá wa, tòun ti ọ̀rá àti omi pupa. Ohun tó fà á ni pé odò ti ga ju ẹnu gọ́tà lọ, omi àdúgbò kò ríbi gbà mọ́. Ìyá onílé mọ àmì yẹn. Ó wà nítòsí odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà omíyalé tí òkú tí wọ́n rí kó lé ní igba. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ àpò ẹ̀lùbọ́. Ó ní, "Iṣu ò tíì tán lóko. Gbé ọmọ."

A sá gun òkè lọ sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, omi ti dé ojú fèrèsé. Bàbá kan lójúlé kejì padà lọ gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. A kò rí i láàyè mọ́. Ẹni tó bá omi náà lọ n'Ìbàdàn lé lọ́gọ́rùn-ún, afárá Apẹ̀tẹ̀ sì wó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí odò, ẹ má wo ojú ọ̀run nìkan. Òjò lè dá lórí ilé yín kí odò ṣì máa kún, nítorí òjò tó rọ̀ lápá òkè odò ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Tiwa tún gba Ẹlẹ́yẹlé kọjá, níbi tí ìdídò (dáàmù) ti wà láti ọdún 1942. Bí ìdídò bá ti kún, omi tó bá tún wọ̀ ọ́ á fò ó kọjá wá bá àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pàǹtí ló ń dùn mí jù. Bí òjò bá ti ṣú, a máa ń yára da ìdọ̀tí sódò kí àgbàrá lè gbé e lọ. Èmi náà dà á, lọ́pọ̀ ìgbà. Kò lọ síbì kankan. Abẹ́ afárá ló há sí, títí odò kò fi rí ọ̀nà mọ́, tó wá ya sílé wa. Mo rí i fúnra mi nígbà tí omi fà: mátírẹ́ẹ̀sì, igi, ọ̀rá omi tútù, gbogbo rẹ̀ dí ẹnu afárá pinpin.

Nígbà tí omi bá fà, ẹ ṣì fọkàn sí i. Ilé alámọ̀ kan lẹ́yìn wa dúró digbí ní gbogbo òru ọjọ́ náà; ọjọ́ kẹta, nínú oòrùn, ló wó. Kànga wa ti mu omi ṣáláńgá, a kò mọ̀, a pọn ọ́n, àrunṣu sì mú àwọn ọmọ. Omi kànga tí odò bá ti bò, ẹ má mu ún títí ẹ ó fi gbọ́n ọn gbẹ tí ẹ ó sì fi oògùn apakòkòrò inú omi sí i. Lẹ́yìn náà gan-an, ẹ máa sè é.

Ẹ̀bá odò Ògbèrè ni mo ń gbé báyìí, torí agbára mi kò tíì ká ilé orí òkè. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti owó díẹ̀ wà nínú ọ̀rá, nínú báàgì kan tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ara gọ́tà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì á mú tọ́ọ̀ṣì, á lọ wo ibi tí omi dé, á sì pariwo rẹ̀ fún mi láti ìta.