Ben Nevis nínú oṣù Kẹwàá

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí Ben Nevis, ní Skọ́tílándì. Ẹ̀yin ará wa tó fẹ́ gùn ún lásìkò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé oòrùn ìsàlẹ̀. Òkè náà ga ní mítà 1,345. Orí rẹ̀ lè fi ìwọ̀n 8 lórí Celsius tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, ká má tíì ka atẹ́gùn.

Kùrukùru ló léwu jù, torí ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún lósì. Bẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, láti ibi òpó orí òkè, ẹ fi kọ́ńpáàsì rin mítà 150 ní ìwọ̀n 231 ti máàpù (ìyẹn ìdarí tá a wọ̀n látorí ìlà máàpù), kẹ́ ẹ wá yà sí ìwọ̀n 282.

Ẹ má wọ jíǹsì o! Bó bá rin gbingbin, kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ṣe ló ń fa ooru ara jáde. Àlọ àtàbọ̀ ń gba wákàtí 7 sí 9, nítorí náà ẹ tètè gbéra, kẹ́ ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì orí dání.