Igi Tìmẹ́hìn ti wó: ojú-ewé 8 àti 9

Igi ti wó o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wó kó tó wó síbi tó yẹ, ojú-ewé 8 àti 9 sì wà lára ògiri báyìí, íńkì rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ mọ̀ pé orí ibẹ̀ ni gbogbo kómíìkì wa lórí bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó dúró lé: Lároóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, wọ́n ń wá omi, wọ́n dé etí odò, wọ́n gé igi, igi ya sínú omi, ohùn Ọ̀ṣun sì jáde láti ìsàlẹ̀ pé, “Oṣó-igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!” Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Òṣogbo? Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Òǹkàwé ti mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó ṣí ìwé, nítorí náà bí a ṣe to ojú àwòrán ló gbọ́dọ̀ bá a lójijì.

Èyí tó ti parí: ojú-ewé 1 sí 6 ti gba íńkì, a ti pa pẹ́ńsùlù rẹ́. Ojú-ewé 7 ku lẹ́tà nìkan.

Gíríìdì, ìyẹn bí a ṣe pín ojú-ewé sí ojú àwòrán, kò yí padà. Orí A4 la ń yà á sí, A5 la ó tẹ̀ ẹ́ sí, ìyẹn ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Etí jẹ́ mìlímítà 15 yíká, ó ku 180 ní ìbú, 267 ní gígùn. Ojú àwòrán mẹ́fà, méjì méjì ní ìpele mẹ́ta, gọ́tà (àlàfo funfun) mìlímítà 6 láàárín wọn, ojú kọ̀ọ̀kan wá di 87 ní ìbú, 85 ní gígùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí ojú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí aládìrẹ ti pín aṣọ sí kó tó ki ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ. Ẹnì kan béèrè ìdí tí a kò fi lo ojú mẹ́sàn-án bíi ti kómíìkì Watchmen (1986 sí 1987). Ojú mẹ́sàn-án á di 56 ní ìbú, tóóró ni. Èdè tiwa ní àmì lókè àti ní ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: lẹ́tà mìlímítà 4 ń fẹ́ àyè mìlímítà 3 láàárín ìlà kan sí èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì orí “ọ́” ti ìlà ìsàlẹ̀ á gún ẹsẹ̀ “ẹ” ti ìlà òkè. Fèrè ọ̀rọ̀ (àyè tí a ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí) kan ṣoṣo á jẹ ìdajì ojú tóóró bẹ́ẹ̀, orí ọdẹ á wá máa yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó sá wọ abẹ́ ibùsùn.

Ó yá, ká padà sídìí igi.

Ìgbìyànjú kìíní: ojú kéékèèké mẹ́ta tò léra lósì (àáké, àáké, àáké), ojú gíga kan wà lọ́tùn-ún tí igi ń bọ̀ nínú rẹ̀. Lójú ẹni tó yà á, kò sí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ojú òkè lósì tán, ojú rẹ̀ á fẹ́ sún sọ́tùn-ún, bí a ṣe ń kàwé nìyẹn. Ọ̀tún yẹn ni igi ti ń wó nígbà tí àáké ṣì ku méjì! Oògùn rẹ̀ wà: kí gọ́tà àárín àwọn ojú tó tò léra tinrín (mìlímítà 3), kí èyí tó yà wọ́n sí ojú gíga fẹ̀ (mìlímítà 9), òǹkàwé á ka àwọn tó sún mọ́ra pọ̀ kó tó rékọjá. Ó ṣiṣẹ́. A sì tún yọ ọ́ kúrò, nítorí ó ń tú gíríìdì ká kí igi tó kan omi rárá.

Ìgbìyànjú kejì: etí ojú àwòrán wọ́, ó sán, ó ya bí àpáàdì. Èyí ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn, òun náà ló sì burú jù. Ojú tó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ ń pariwo ìjà, ó sì jọ pé ìlú ló fọ́. Ìlú kò fọ́. Àwọn ojú dídọ́gba yẹn ni ètò èèyàn, ilẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀n láti tẹ̀dó sí. Ohun tó fọ́ jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ìgbìyànjú kẹta: àwòrán kan gbáko lórí ojú-ewé méjèèjì, kò sí gọ́tà. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n àsìkò dúró sínú rẹ̀. Igi tó ti wó la rí, a kò rí wíwó rẹ̀. Ohùn Ọ̀ṣun sì wà nínú fèrè ọ̀rọ̀ tí ìrù rẹ̀ kọjú sí omi, bí ẹni pé ẹnì kan ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ igi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohùn tí kò ní ara, kí ló ń wá nínú ojú àwòrán? Inú gọ́tà ló yẹ kó wà. Gọ́tà ni ibi tí a kì í yà, tí òǹkàwé ń fò kọjá láti ojú-ewé kìíní láìbojú wò ó. Bí gbogbo ojú bá dúró ṣinṣin ní ipò wọn fún ojú-ewé méje, tí gọ́tà funfun wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, tí ó di aró, tí ó sì sọ̀rọ̀, ojú kankan kò ní láti ya.

Ìgbìyànjú kẹrin nìyí, òun la fi íńkì sí. Bébà A3 kan fún ojú-ewé méjèèjì. Ojú mẹ́fà lósì, mẹ́fà lọ́tùn-ún, ipò kan náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Gọ́tà tó wà lábẹ́ ìpele kìíní di mìlímítà 10, èyí tó wà lábẹ́ ìpele kejì di 20; gíga ojú kọ̀ọ̀kan wá sílẹ̀ láti 85 sí 79. Ojú mẹ́fà ti ojú-ewé 8 jọ jẹ́ àwòrán igi kan ṣoṣo tó ń wó láti òkè lósì sí ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún, kó má bàa bá ìrìn ojú jà. Lójú-ewé 9, àwọn ọdẹ wà lókè, ìkòkò wà nísàlẹ̀. A ti kọ́kọ́ fi ìkòkò kan sílẹ̀ ní odidi níkọ̀rọ̀, torí ó rẹwà. “Tán” ni ohùn náà wí. A pa á rẹ́.

Ohun tó jẹ ìrọ̀lẹ́ méjì ni pé igi náà kò gún. Rúlà sọ pé ó gún, ojú sọ pé igi méjì ni. A tún un fà, a tún fi rúlà wọ̀n ọ́n, òtítọ́ ni rúlà ń sọ, síbẹ̀ apá ìsàlẹ̀ jọ pé ó ti yẹ̀ sọ́tùn-ún. Ẹ̀tàn ojú ni. Johann Poggendorff, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí rẹ̀ láti 1860: ìlà tó dagun tó bá gba ẹ̀yìn ọ̀pá kan kọjá máa ń jọ pé kò bá ara rẹ̀ mu mọ́ ní òdìkejì. Bí ọ̀pá náà bá ṣe fẹ̀ tó, tí ìlà sì ṣe sùn sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tàn náà ń pọ̀ sí i. Gọ́tà mìlímítà 6 kò fi hàn. Gọ́tà 20 fi hàn gbangba, pàápàá bí igi wa ṣe sùn tó, ní nǹkan bí dígírì 30 sí gọ́tà.

Ọ̀nà méjì la gbà yanjú rẹ̀. Àkọ́kọ́, a gbé igi dìde sí bíi dígírì 50. Ìdí igi wà lójú-ewé 8, ẹ̀ka àti ewé nìkan ló rékọjá sí 9, ewé kò sì ní ìlà gígùn tí ojú lè fi bá a ṣẹjọ́. Èkejì, a fa apá tó wà nísàlẹ̀ gọ́tà ńlá padà sósì ní mìlímítà 3. Lójú rúlà, igi náà ti wọ́ báyìí. Lójú èèyàn, ó gún. Má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lórí tábìlì o. Gbé e kọ́ ògiri, kí o fà sẹ́yìn tó mítà méjì. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọ̀rọ̀ aró. Ó wu ẹnì kan nínú wa pé ká ṣe é bí àdìrẹ gan-an: ẹ̀kọ láfún lórí ojú àwòrán, ká fi búrọ́ọ̀ṣì fa búlúù sínú gọ́tà, ká ha ẹ̀kọ kúrò. Lórí aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni. Bébà mu omi ẹ̀kọ, ó wú, ó ká bí etí igbá àtijọ́, ẹ̀kọ sì ha íńkì dúdú lọ pẹ̀lú rẹ̀. A dúpẹ́ pé bébà ìdánwò ni. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń kun búlúù báyìí, lábẹ́ ìlà dúdú: èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣú jù, ti òkè ṣì fúyẹ́, bí aró ṣe ń tàn nínú omi. A kò kó ọnà kankan sínú gọ́tà náà. Láti àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ayàwòrán Òṣogbo kì í fẹ́ fi àyè kankan sílẹ̀ láìfi ọnà kún un, ọwọ́ tiwa náà ń yún wa, ṣùgbọ́n lẹ́tà funfun ni yóò jókòó síbẹ̀. “Oṣó-igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o!” wà lójú-ewé 8, ìyókù wà lójú-ewé 9. Lẹ́tà jẹ́ mìlímítà 5, ó ń di 3 ààbọ̀ lórí ìwé. Kí àmì ìsàlẹ̀ “ẹ” àti “ọ” má kéré sí mìlímítà 1. Funfun nínú búlúù máa ń dí tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, “fọ́” á wá di “fó”.

A ti rò ó pé ká kọ ohùn náà sí àárín gbùngbùn, níbi tí ìwé ti ṣẹ́, torí mìlímítà 30 ló ṣófo níbẹ̀. Pín-ìn-nì stapler tó ń di ìwé pọ̀ ló máa gún un.

Ojú-ewé mẹ́rìndínlógún ni gbogbo ìwé náà máa ní, bébà A4 mẹ́rin tí a ṣẹ́ sí méjì. Ẹ ṣe àkíyèsí pé 8 àti 9 nìkan ni ojú-ewé inú méjì tó dojú kọra lórí ẹ̀gbẹ́ kan náà bébà kan náà, ìdí nìyẹn tí a fi dá igi dúró títí di àárín. Ẹ̀gbẹ́ kan yẹn nìkan la ó tẹ̀ ní aláwọ̀, ìyókù á jẹ́ fọ́tòkọ́pì dúdú. Ṣùgbọ́n 7 àti 10 ló wà lẹ́yìn rẹ̀! Lórí bébà gíráàmù 80 tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Òkè-Fíà ń lò, búlúù hàn sí ojú-ewé 7, odò ti ń yọjú kí wọ́n tó ṣí i. Gíráàmù 120 kò fi hàn. Òun la ó lò fún bébà àárín nìkan, torí bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá nípọn, ìwé kò ní í fẹ́ pa dé, ti inú á sì yọ síta ju ti òde lọ; gígé etí rẹ̀ lè jẹ lẹ́tà.

Láti ojú-ewé 10, gọ́tà dúró sí mìlímítà 10, kò padà sí 6 mọ́. A fẹ́ kó jẹ́ dúdú biribiri, ṣùgbọ́n fọ́tòkọ́pì máa ń ṣe pàlà-pàlà níbi tí dúdú bá ti gbòòrò, nítorí náà ìlà omi tẹ́ẹ́rẹ́ la ó fi kún un, ìlà márùn-ún márùn-ún. Stapler ọlọ́wọ́ gígùn ò tíì sí. Èyí tó wà nílẹ̀ kò lè dé àárín A4.